Ọ̀gá Ló Kù

Orúkọ rẹ̀ ní kíkún, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń pè é láìsinmi lágbedeméjì, ni Àmì-Ò-Gbọdọ̀-Bọ́, ọmọ Akunpátákó, olùtọ́jú ẹ̀rọ ímeèlì. Ọgọ́ta ọdún ni ó pé ní ọdún tí ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀. Yàrá tí ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà bàbá rẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ó sì máa ń fọ́nnu pé imú òun ti gbọ́ òórùn ọ̀dà kí ẹnu òun tó kan ọmú. Ìwé ìjọba pè é ní orúkọ mìíràn, ṣùgbọ́n kì í dáhùn sí ìyẹn: wọn kò fi àmì sí i.

Ìtàn tí gbogbo ènìyàn fi mọ̀ ọ́n ni ti ọjọ́ tí ó pa ọ̀gá àgbà.

Ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe ọwọ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ni ilé-iṣẹ́ wọn. Nínú yàrá tóóró kan lábẹ́ àtẹ̀gùn ni ẹ̀rọ tí gbogbo ímeèlì ibẹ̀ ń gbà kọjá wà, òun ni Àmì-Ò-Gbọdọ̀-Bọ́ sì ń tọ́jú. Ẹ̀rọ náà ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀, kì í ṣe èyí tí a ń gbé kọ́ ara ògiri. Inú ẹ̀rọ gan-an ni ó ń gbé. Bí ẹ̀rọ ẹlòmíràn bá béèrè pé, "Ìwọ ta nìyẹn?", ìwé ẹ̀rí yìí ni ó fi ń hàn pé òun kì í ṣe ẹlẹ́tàn. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ ikú. Ọdọọdún ni a gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di ọ̀tun kí ọjọ́ náà tó pé, àwọn àgbà ilé-iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i lórí kọ̀ǹpútà wọn.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, igbá-kejì ọ̀gá ti fọwọ́ sí i, akápò náà ti fọwọ́ sí i. Ọ̀gá àgbà nìkan ni kò tíì ṣe tirẹ̀, ó sì ti jáde lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Àmì-Ò-Gbọdọ̀-Bọ́ bá fi iṣẹ́ kúkurú ránṣẹ́ sí fóònù gbogbo òṣìṣẹ́, kí ẹni tí ó bá rí ọ̀gá lè rán an létí. Ó to àmì sórí ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tí ń to ẹyin sínú agbọ̀n: "Gbogbo àgbà ti fọwọ́ sí i. Ọ̀gá ló kù."

Ẹ̀rọ tí ó ń gbé iṣẹ́ kúkurú lọ sórí fóònù kò mọ àmì. Ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán lójú ọ̀nà. Ohun tí ó dé ọwọ́ àwọn ènìyàn ni: GBOGBO AGBA TI FOWO SI I. OGA LO KU.

Akọ̀wé ọ̀gá ni ó kọ́kọ́ kà á. Ó ju fóònù sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ lérí. "Yéè! Ọ̀gá ló kú! Àwọn àgbà sì ti fọwọ́ sí i!"

"Fọwọ́ kẹ̀?" ni olùṣọ́ géètì wí, ẹni tí ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù tirẹ̀. "Àǹtí, ẹ tún un kà dáadáa. Fowó ni wọ́n kọ síbí. Wọ́n fowó sí i ni! Wọ́n dáwó jọ kí ọ̀gá tó kú!"

Akápò, tí ó ti ń sunkún ní tirẹ̀, dá ẹkún dúró díẹ̀ láti búra pé owó náà kò ti ọ̀dọ̀ òun jáde.

Igbá-kejì ọ̀gá ni kò sunkún. Ó rọra wọ yàrá ọ̀gá, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí àga ọ̀gá, ó yí i lọ sápá ọ̀tún, ó yí i lọ sápá òsì. Nígbà tí àwọn ènìyàn fi máa rántí rẹ̀, ó ti ránṣẹ́ pe káfíńtà pé àga náà ga jù fún òun.

Àárín rògbòdìyàn yìí ni ọ̀gá àgbà dé, orí rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá ń dán nínú oòrùn, pẹ̀lú àtíkè funfun lọ́rùn. Olùṣọ́ géètì yọjú, ó rí i, ó sì tún géètì tì.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà síbi tí ẹ ti ń bọ̀. A ò ṣe yín ní nǹkan kan."

"Ṣé orí rẹ dàrú ni? Ṣí géètì!"

"Àwọn àgbà ló fowó sí i o, Ọ̀gá. Ọwọ́ tèmi ò sí níbẹ̀!"

Ògiri ni ọ̀gá àgbà fò wọ ilé-iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Nígbà tí ó sì dé yàrá rẹ̀, ó bá igbá-kejì rẹ̀ lórí àga àti káfíńtà lábẹ́ rẹ̀. Igbá-kejì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ó tẹ́ ọwọ́ sí àga náà, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, Ọ̀gá. Mo ń bá yín mú un móoru ni."

Wọ́n pe Àmì-Ò-Gbọdọ̀-Bọ́ sókè. Ó wọlé, kò dọ̀bálẹ̀, kò sì gbọ̀n.

"Bàbá, ẹ pa mí!"

"Ẹlòmíràn ló pa yín, kì í ṣe èmi. Èmi ní ẹ kù. Ẹ̀rọ tí mo ti ní kí ẹ pààrọ̀ láti ọjọ́ yìí wá ló ní ẹ kú."

"Ìyàwó mi ti dákú nílé!"

"Ẹ kí wọn fún mi. Ẹ ní mo ní ẹ kù."

"Ẹ lọ kọ ìwé ìtọrọ àforíjì. Kí ó wà lórí tábìlì mi lónìí. Kí ó sì tán pátápátá, mi ò fẹ́ àlàyé!"

Àforíjì náà wà lórí tábìlì kí ilẹ̀ tó ṣú. Odindi ojú ewé funfun kan ni, ó sì kọ lẹ́tà ẹyọ kan ṣoṣo sí àárín rẹ̀ gbágbáágbá: ù.

Kì í ṣe ẹnu ẹ̀rọ ni ó ti kọ́ irú agídí bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀, Akunpátákó, kì í lo búrọ́ọ̀ṣì kan náà fún lẹ́tà àti fún àmì. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà tí ó jẹ́ ti àmì nìkan, kò sì sí ẹni tí ó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. "Lẹ́tà ni ara," ni bàbá náà máa ń wí, "àmì ni èémí. Ẹni tó bá kun lẹ́tà láìkun àmì, òkú ló kun." Nígbà tí bàbá ọ̀gá àgbà dá ilé-iṣẹ́ ọwọ̀ sílẹ̀, Akunpátákó ni ó pè láti kun orúkọ rẹ̀ sórí géètì: Ọwọ̀ Tuntun. Pátákó náà ṣì wà níbẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ kò sì tíì ṣí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbójú sókè wò ó.

Ọmọ náà gbé ìwà bàbá rẹ̀ wọ ọ́fíìsì. Bí o bá kọ E ku ise sí i nínú ímeèlì, èsì tí yóò fún ọ kì í yí padà: "Iṣẹ́ kò kú. Ẹ wá àmì yín lọ." Ìgbà kan wà tí akọ̀wé ọ̀gá ń kánjú, tí ó kọ̀wé sí i pé kí ó bá òun sọ fún awakọ̀: Mo nilo oko ni kiakia. Kò pẹ́ tí èsì fi dé, ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ilé-iṣẹ́: "Ọkọ̀ wà níta. Ọkọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tí ń tún ọgbà ṣe. Oko jìnnà síbí. Bí ó bá jẹ́ ọkọ ni, ẹ bá ìyá yín sọ ọ́."

Akọ̀wé kò bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ó ti ń fi àmì sórí ọkọ̀.

Ohun kan wà tí ó ń dun ọkùnrin yìí tí kò fi ṣe àwàdà rárá. Nínú ìwé ẹ̀rí ẹ̀rọ ímeèlì, níbi tí wọ́n kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ sí, Owo Tuntun ni wọ́n kọ, nítorí pé ilé-iṣẹ́ tí ó ń fún àwọn ẹ̀rọ ní ìwé ẹ̀rí kò gba àmì kankan wọlé. Bí ímeèlì wọn bá dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, orúkọ yẹn ni kọ̀ǹpútà oníbàárà yóò kọ́kọ́ gbé síta. "Ọwọ̀ ni bàbá mi kùn," ni ó máa ń wí, yóò sì fi ìka gbá tábìlì. "Ẹ̀yin sọ ọ́ di owó. Ẹ bọ́ aṣọ lára iṣẹ́ bàbá mi, ẹ ní kó máa bá àlejò sọ̀rọ̀."

Ìwé ẹ̀rí ti ọdún tí ó tẹ̀ lé e sì ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà kẹ́yìn, nítorí pé ó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ ni yóò máa sọ ìwé ẹ̀rí náà di ọ̀tun fúnra rẹ̀, orúkọ tí ó bá sì bá níbẹ̀ ni yóò máa tún kọ títí ayé. Bí àmì kò bá wọlé ní ọdún yìí, kò ní wọlé mọ́ láé.

Àsìkò náà gan-an ni fóònù dún. Olùtọ́jú ilé-ìpamọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ní ilé-ìwòsàn ńlá kan ni, oníbàárà tí ó ń ra ọwọ̀ wọn jù.

"Ẹ̀yin ni Owó Tuntun?"

"Ilé-iṣẹ́ ọwọ̀ nìyí, màmá."

"Ọwọ̀? Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí mo ti ń wá àwọn ọlọ́wọ̀ wa, wọn ò fèsì. Àwọn gbájú-ẹ̀ kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Owó Tuntun ló kàn ń yọ mí lẹ́nu pẹ̀lú ímeèlì. Gbogbo rẹ̀ ni mò ń dà nù. Owó tuntun wo ni ẹ̀dá ń tà, bí kì í bá ṣe ayédèrú?"

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sókè. Ọ̀gá àgbà, tí kò tíì gbàgbé ikú rẹ̀, kò gbójú sókè. "Bàbá, ẹ sọ ìwé ẹ̀rí yẹn di ọ̀tun bí ẹ ṣe máa ń ṣe é, kí ẹ sì lọ sinmi."

"N ò ní ṣe é bẹ́ẹ̀."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní n ò ní ṣe é bẹ́ẹ̀. Mi ò ní fẹ̀yìn tì kí orúkọ tí bàbá mi kùn wà ní ìhòòhò nínú ẹ̀rọ mi."

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá rẹ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó sì pe ilé-iṣẹ́ tí ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí. Obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù bí omi inú àmù ni ó gbé fóònù.

"Bàbá, lẹ́tà lásán ni fọ́ọ̀mù wa ń gbà."

"Lẹ́tà lásán! Ọmọ mi, kí lorúkọ rẹ?" Obìnrin náà sọ ọ́. "Ó dára. Tí mo bá gba gbogbo àmì orí rẹ̀, kí ló máa dà?"

Obìnrin náà pè é wò lábẹ́ ètè. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á!"

"Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ń bẹ̀ yín."

Báyìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ná àmì bí ẹni ń ná ẹja. Obìnrin náà lọ bá àwọn ọ̀gá rẹ̀, ó padà wá. "Wọ́n ní a lè gba àmì abẹ́ lẹ́tà. Ti orí lẹ́tà ni kò ṣeé ṣe."

"Ta ló ń wọ bàtà láìwọ ṣòkòtò?"

"Ẹ gba ti abẹ́, Bàbá, ká jọ parí ẹ̀."

"Tí mo bá ra ìkòkò, ẹ ò lè ta ìdí rẹ̀ fún mi kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ nílé."

"Ẹ̀yin náà ẹ dín in kù díẹ̀ fún wa!"

"Mo ti dín in kù! Odindi Tuntun ni mo gbé fún yín láìbéèrè àmì kan ṣoṣo lórí rẹ̀!"

Obìnrin náà dúpẹ́, ó ti jẹ oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ dé ìdajì lọ́jọ́ náà kí ó tó rántí pé re ni Tuntun látòkè délẹ̀, àti pé re kì í gba àmì. Ọkùnrin yìí ti fi ohun tí kò ní ta á lọ́rẹ.

Ìwé ẹ̀rí kò dúró de ẹni tí ń nájà. Ó kú. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sídìí iṣẹ́ ní òwúrọ̀, ìkìlọ̀ pupa ni ó yọ sí gbogbo kọ̀ǹpútà: MÁ GBA ẸNI YÌÍ GBỌ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni bọ́tìnnì kékeré kan wà: Tẹ̀síwájú bẹ́ẹ̀. Akápò na ìka sí i. Àtẹ́lẹwọ́ kan dé láti ẹ̀yìn, ó bo gbogbo bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà náà.

"Ẹ gbọ́wọ́ kúrò, Bàbá, iṣẹ́ ń dúró!"

"Tí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn yín, tí olùṣọ́ ní 'Ẹ má gba ẹni yìí gbọ́', ṣé ẹ máa ní kó tẹ̀síwájú bẹ́ẹ̀ títí dé yàrá yín?"

"Ṣé kì í ṣe tiwa ni ẹ̀rọ náà ni? Ẹ̀yin lẹ sì jẹ́ kí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kú!"

"Èmi ni. Mo jẹ́wọ́, n ò sì kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí olè bá gba ibẹ̀ wọlé, ìka tó ti mọ ọ̀nà bọ́tìnnì yẹn ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un." Ó sì yọ okùn ẹ̀rọ ímeèlì kúrò lára iná, kí ẹnikẹ́ni má baà rí nǹkan kan tẹ̀.

Ọ̀gá àgbà sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ wá sí abẹ́ àtẹ̀gùn. Ó ní láti tẹ orí kí ó tó lè wọlé, ìyẹn sì tún fi kún ìbínú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ yàn. Ìwé ẹ̀rí láìní àmì, lónìí, tàbí kí ẹ palẹ̀ ẹrù yín mọ́, kí ẹ gbàgbé ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì."

Àmì-Ò-Gbọdọ̀-Bọ́ gbé ife rẹ̀ sínú àpò, ó ká ṣúwẹ́tà rẹ̀ lé e. "Mo ti palẹ̀ mọ́. Ẹ ní kí ẹlòmíràn wá tún un ṣe."

Ọ̀gá wo akápò. Akápò wo ilẹ̀. Ọ̀gá yíjú sí igbá-kejì rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ò lè ṣe é?"

Akọ̀wé ni ó dáhùn láti orí àtẹ̀gùn. "Ọ̀gá, ti àga nìkan ni wọ́n mọ̀."

Kí ẹ̀rín tó tán ni fóònù yàrá náà dún. Ohùn tútù ni. "Bàbá! Wọ́n ti gbà o! Gbogbo àmì, tòkè tìsàlẹ̀."

"Báwo lo ṣe ṣe é?"

"Mo kọ orúkọ ọ̀gá wa láìní àmì, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń kà á sókè. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n tún fọ́ọ̀mù ṣe. Ẹ yáa, ẹ pe àwọn àmì náà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ọkùnrin náà mọ orúkọ náà ju orúkọ ara rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ tí a ń fi iyè inú ṣiṣẹ́. Ó fa okùn fóònù dé ojú fèrèsé, ó dín ojú nítorí pé agídí kò jẹ́ kí ó ra awò, ó sì ń ka àmì láti ara pátákó bàbá rẹ̀ tí ó wà lókè géètì. Ó tún dín ojú.

"Dò-dò," ni ó wí.

"Bàbá, ṣé kì í ṣe re-dò ni?"

Àwọn tí ó dúró tì í sọ pé àwọn rí i tí ètè rẹ̀ ń mì, bí ẹni tí ń jiyàn pẹ̀lú ara rẹ̀. "Dò-dò ni bàbá mi kùn," ni ó wí níkẹyìn. "Bàbá mi kì í ṣì í."

Àwọn àgbà fọwọ́ sí i, ọ̀gá àgbà ni ó kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ló kù. Ẹ̀rọ gba iná, ìkìlọ̀ pupa lọ, ímeèlì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé bí ewúrẹ́ tí òjò lé. Orúkọ tuntun náà sì yọ tàmìtàmì lójú gbogbo kọ̀ǹpútà.

"Ọ̀wọ̀ Tuntun," ni akọ̀wé kà. Ó tún un kà. Ẹni tí ó kọ́ ọ ní àmì ni ó dúró níwájú rẹ̀. "Ọ̀wọ̀? Bàbá, a kì í ta ọ̀wọ̀ níbí."

"Bàbá!" ni ọ̀gá àgbà ké. "Ọwọ̀ ni! Ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀!"

"Ẹ jáde lọ wo pátákó."

Gbogbo ilé-iṣẹ́ tú síta. Wọ́n dúró sẹ́nu géètì, wọ́n fi ọwọ́ ṣíji bojú, wọ́n sì gbójú sókè wo ohun tí wọ́n ti ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láti ọdún mélòó kan. Òótọ́ ni. Lórí Ọ àkọ́kọ́, àmì kan wà níbẹ̀, ó dagun láti òsì sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀tún, dò tí kò lábùkù.

"Ṣé bí orúkọ wa ṣe rí láti ìgbà yìí wá nìyí?" Ohùn ọ̀gá àgbà ti rọ̀. "Ṣé ọ̀wọ̀ ni bàbá mi ń wí tí a kàn ń ta ìgbálẹ̀?"

Awakọ̀ ni kò gbà. Ó gbé àkàbà ti ògiri, ó gùn ún dé òkè, ó na ọwọ́ sí àmì náà. Ó fa ọwọ́ padà.

"Ọ̀gá! Àmì yìí ń kùn!"

"Kùn báwo?"

"Ọ̀gá, àmì yìí ní ìyẹ́ o!"

Agbọ́n kan jáde láti inú àmì náà, ó wo awakọ̀ lójú. Ilé tí ó fi ẹrẹ̀ mọ sórí lẹ́tà bàbá Àmì-Ò-Gbọdọ̀-Bọ́ ni wọ́n ti pè ní dò. Awakọ̀ kò lo ìyókù àkàbà náà láti sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, àwọn ará àdúgbò yọjú wá wò ó. Igbá-kejì ọ̀gá, tí ó ti ń retí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ àga, pàtẹ́wọ́. "Bàbá, àmì ti bọ́ lónìí o! Agbọ́n ló kọ́ yín níwèé!"

Ọkùnrin náà wo pátákó náà pẹ́. Gbogbo wọn rò pé ó máa tẹríba. Ṣe ni ó gbé àgbọ̀n sókè.

"Kò bọ́. Bàbá mi kun re, re náà ni mo bá lábẹ́ rẹ̀. Agbọ́n yìí ló ń gbé òkè géètì, tí ó ń wo bí ẹ ṣe ń wọlé tí ẹ ń jáde, bí ẹ ṣe ń bá ara yín sọ̀rọ̀. Ó rí ohun tí ẹ ò ní, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ fún yín."

Ọ̀gá àgbà fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe. Obìnrin olóhùn tútù ní kò le rárá. Kí gbogbo àgbà kàn tún fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan sí i ni, kí wọ́n sì kọ́kọ́ fi iṣẹ́ kúkurú tó gbogbo òṣìṣẹ́ létí. Ọ̀gá àgbà fọwọ́ pa orí rẹ̀ tí wọ́n fá. "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni ó wí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni olùtọ́jú ilé-ìpamọ́ ilé-ìwòsàn pè. "Ẹ̀yin ni Ọ̀wọ̀ Tuntun? Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin lẹ kọ̀wé bí ọmọlúàbí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ń ta ọwọ̀? Àwọn Owó Tuntun yẹn ti fẹ́ yọ ẹ̀mí mi."

Akọ̀wé nìkan ni ó gbọ́ ìyókù, nígbà tí ó gbé tíì wá sí abẹ́ àtẹ̀gùn. Ọkùnrin náà wà lórí fóònù, ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ohùn rẹ̀ sì kéré.

"Ọmọ mi, o sọ fún mi."

A kò gbọ́ ohun tí obìnrin olóhùn tútù náà fi dáhùn.

"Mo ní o sọ fún mi. Re-dò. Gbọ́ ọ dáadáa, nítorí n ò ní tún un sọ láé."

Ó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ṣe ayẹyẹ fún un. Ẹ̀rọ ń sọ ìwé ẹ̀rí di ọ̀tun fúnra rẹ̀ lọ́dọọdún, ó sì ń kọ Ọ̀wọ̀ Tuntun láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Òun náà a máa rìn wá sẹ́nu géètì ní ìrọ̀lẹ́, yóò gbójú sókè, yóò sì kìlọ̀ fún olùṣọ́ pé kò gbọdọ̀ fi igi kan ilé agbọ́n náà. "Òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa nìyẹn," ni ó máa ń wí. Nígbà tí òjò ńlá kan wó ilé agbọ́n náà, ọ̀gá àgbà kò dúró kí ẹnikẹ́ni rán òun létí. Ó pe akunpátákó kan, ó ní kí ó kun dò sójú ibi tí ilé náà ti wà, kí ó sì rí i pé búrọ́ọ̀ṣì ọ̀tọ̀, tí ó kéré, ni ó lò.

Ohun kan ṣoṣo tí ọ̀gá àgbà ń ṣèlérí tí kò mú ṣẹ ni pípààrọ̀ ẹ̀rọ tí ń gbé iṣẹ́ kúkurú lọ sórí fóònù. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí ìròyìn dé láti ilé Àmì-Ò-Gbọdọ̀-Bọ́, tí akọ̀wé jókòó, tí ó fi ojú omijé to àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ láìfo ẹyọ kan, ohun tí ó dé ọwọ́ àwọn ènìyàn kò ní àmì kankan lórí: BABA WA, AMI-O-GBODO-BO, LO KU.

Kò sí ẹni tí ó kígbe. Awakọ̀ ni ó kọ́kọ́ fèsì: Nibo ni won ku si? Igbá-kejì ọ̀gá tẹ̀ lé e: E so fun won ki won maa bo, a n duro. Olùṣọ́ géètì kò fèsì ní tirẹ̀. Ó ka ọ̀rọ̀ náà, ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní, "Bàbá ló kù," ó sì lọ ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu, ó dúró tì í. Akọ̀wé rí i láti ojú fèrèsé. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti lọ sọ àmì rẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò lè sọ ọ́. Àwọn méjèèjì jọ dúró sábẹ́ pátákó náà, wọ́n ń wo ojú ọ̀nà.

Ó kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹjọ, ọdún 2018. Ìwé ẹ̀rí náà ṣì kù.